Gíláàsì Iwájú Ọkọ̀ Ní Àkókò Ọyẹ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti bá àwa Yorùbá tí a ń wakọ̀ ní Àbújá àti òkè Ọya sọ̀rọ̀. Láti nǹkan bí ìparí oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kẹta ni ọyẹ́ máa ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá bá wa. Láràárọ̀ ní Kúbwà ni mo ń rí àwọn awakọ̀ tí wọ́n ń fi àkísà gbígbẹ nu gíláàsì iwájú ọkọ̀, tàbí tí wọ́n ń tan wáípà láìkọ́kọ́ fọ́n omi sí i, bẹ́ẹ̀ iyanrìn wẹ́wẹ́ inú eruku náà ni ó ń ha gíláàsì, tó fi jẹ́ pé bí oòrùn àárọ̀ bá tàn sí i láti iwájú, awakọ̀ kò ní rí ẹni tó ń sọdá títì.

Lójú ọ̀nà Kàdúná, òkúta kékeré kan ta sí gíláàsì tèmi. Mo fojú kéré rẹ̀ (ó ṣì ń dùn mí), òtútù òwúrọ̀ àti ooru ọ̀sán sì fà á títí ó fi sán láti apá kan dé èkejì. Nígbà tó ṣì kéré, oníṣẹ́ gíláàsì ì bá ti fi oje tó ń le dí i.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Kúbwà, Àbújá.