Ẹ̀sùn lórí asẹ́ ìmọ́lẹ̀ DAPI tí kì í ṣe DAPI

Láàbù Ìwádìí Ibà,
Ìbàdàn.
12 oṣù Kẹfà, 2024.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,
Èkó.

Alàgbà,

Lóṣù Kẹta, a ra asẹ́ ìmọ́lẹ̀ méjì lọ́wọ́ yín fún máíkírósíkóòpù wa: ọ̀kan fún aró DAPI, ọ̀kan fún aró FITC. FITC méjì lẹ kó fún wa. Ẹ kàn lẹ orúkọ DAPI mọ́ ọ̀kan lára wọn ni.

Kòkòrò ibà inú ẹ̀jẹ̀ là ń wò. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa èèyàn tó ti gbó kò ní kókó tí DNA máa ń wà nínú rẹ̀, kò sì ní DNA. Bí a bá rẹ ẹ̀jẹ̀ orí gíláàsì láró DAPI, tó máa ń lẹ̀ mọ́ DNA, tí nǹkan bá wá tàn ní búlúù nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, kòkòrò ibà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́. Aró FITC, tó ń tàn ní àwọ̀ ewé, ni a fi ń wá purotéènì tí a fẹ́ rí lára rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní, a ò rí búlúù kankan. Ewé nínú asẹ́ kìíní, ewé nínú èkejì, àwòrán kan náà délẹ̀délẹ̀.

Ẹnjiníà yín ní aró wa ló ti bàjẹ́. A ra tuntun. Ó tún ní iná NEPA ni. Òótọ́ ni pé iná wa kì í dúró, ta ni kò mọ̀? Ṣùgbọ́n iná tó ń ṣe ségesège kì í sọ búlúù di ewé. Ó wá ní kí a ṣí ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. A ṣe bẹ́ẹ̀, ni FITC bá ṣá mọ́ wa lójú bí àdìrẹ tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn. Gíláàsì 14 tí a fi ọjọ́ mẹ́ta tọ́jú ló bá a lọ.

Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ló tú àṣírí. Ó ki bébà funfun sábẹ́ lẹ́ńsì, ó ń pààrọ̀ asẹ́ méjèèjì. Ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí bébà kò yàtọ̀ rárá. La bá tú asẹ́ "DAPI" yín. 480/30 ni wọ́n fín sí etí rẹ̀. Ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ 465 sí 495 nánómítà (ìwọ̀n ìgbì ìmọ́lẹ̀) ló ń gbà kọjá. Nǹkan bíi 358 ni DAPI ń fẹ́ kó tó lè tàn ní 461. Kí ni DAPI fẹ́ fi 480 ṣe?

Gílóòbù mẹ́kúrì wa, 100 wọ́ọ̀tì, tí a ń pààrọ̀ ní wákàtí 200, ti jó wákàtí 31 dànù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ìgbà tí iná bá sì lọ, àfi kí a jókòó títí yóò fi tutù kí a tó tún un tàn.

Ohun tí a ń béèrè: asẹ́ DAPI gidi, tí ìmọ́lẹ̀ 340 sí 380 ń gbà wọlé, tí 435 sí 485 ń gbà jáde, láàárín ọjọ́ 14, kí ẹ̀yin san owó ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ san owó aró tuntun tí ẹnjiníà yín ní ká rà, kí ẹ sì fún wa ní gílóòbù kan. Kí ẹni tó ń di ẹrù yín náà máa ka etí asẹ́ kó tó lẹ orúkọ mọ́ ọn.

Rìsíìtì àti àwòrán etí asẹ́ náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Asẹ́ yín wà nínú àpótí rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ rán ẹni tí yóò wá gbé e.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Alábòójútó láàbù