Fóònù kọ́ ló ń dá àwọn ọmọ wa dúró sílé, títì ni

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Mo ka lẹ́tà ẹnì kan nínú ìwé ìròyìn yín, ó ní fóònù ni kò jẹ́ kí ọmọ ìsinsìnyí ṣeré mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbà. Ẹlẹ́rìndòdò àti bisikíìtì ni mò ń tà níwájú ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Ṣómólú níbí, kò sí ohun tó ń lọ níbẹ̀ tí mi ò rí.

Ọgbà náà dára. Jáńgirọ́fà wà níbẹ̀, koríko rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń ya fọ́tò lẹ ó bá níbẹ̀, àti bàbá kan tó máa ń sùn sórí bẹ́ǹṣì. Àwọn ọmọ wà ní òdìkejì títì, láàárín gọ́tà méjì, wọ́n fi òkúta ṣe ilé gólì, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù rọ́bà. Bí kẹ̀kẹ́ Márúwá bá fun fèrè, wọ́n á kó òkúta kúrò, á kọjá, wọ́n á tún tò ó. Àwọn obìnrin inú wọn ń ṣeré sùwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀.

Ọ̀kadà tí ìjọba fòfin dè ní ìjọba ìbílẹ̀ wa ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n dánfó kì í tẹ bíréèkì níbẹ̀. Ọ̀dà funfun ibi ìsọdá ti pa rẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan di àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan sí títì, ó fà á padà, ó tún gbé e. Nígbà tó sú u, ó yíjú sí àbúrò rẹ̀: "Ṣé o rí i, ìwọ lò ń fà mí sẹ́yìn." Wọ́n bá padà sílé.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó rántí ọjọ́ ìdìbò. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì àti ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2023, tí wọn ò jẹ́ kí mọ́tò rìn, ṣé àwọn ọmọ yìí ò ní fóònù nílé ni? Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń tú jáde. Ìlà tí wọ́n tò sídìí jáńgirọ́fà gùn ju ti àwọn tó fẹ́ dìbò lọ, kò sì síyàá tó ń pe ọmọ wọlé.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa sáré, kó máa fò, fún wákàtí kan lójúmọ́, ó kéré tán. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ọdún 2003, tí Èkó náà sọ di tiwọn lọ́dún 2007, ka eré mọ́ ẹ̀tọ́ wọn. Ibo ni kí wọ́n ti sá eré ọ̀hún?

Àwa ọlọ́jà náà, kí wọ́n yéé lé wa. Ẹ ó ní torí ọjà mi ni; bẹ́ẹ̀ ni, torí ọjà mi ni. Àmọ́ nígbà tí wọ́n kó wa kúrò lọ́dún tó kọjá, kò pẹ́ rárá táwọn amugbó fi gba igun yẹn, àwọn ìyá díẹ̀ tó ń mú ọmọ wá ò sì yọjú mọ́. Iná títì kò kúkú tàn. Ojú wa ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé.

Àdúgbò tó pa rọ́rọ́, tí mọ́tò kì í gbà, wà lẹ́yìn ọgbà náà, ògiri ni wọ́n mọ dí i. Mo gbọ́ pé wọ́n tún fẹ́ gbé jáńgirọ́fà tuntun wá. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi géètì kékeré sí ara ògiri ẹ̀yìn yẹn ná. Bíríkìlà méjì á ṣe é tán lọ́jọ́ kan.

Ìyá Ìbejì ẹlẹ́rìndòdò,
Ṣómólú, Èkó.