Odò Wandle Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà Wa

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, mo kí yín ní orúkọ Olúwa wa Jésù Kristi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, nígbà tí a ka Ìsíkíẹ́lì orí 47, nípa omi tó ń ti abẹ́ ìloro tẹ́ńpìlì ṣàn jáde, tí ẹja sì ń pọ̀ sí i níbikíbi tó bá dé, Àmín tí a ṣe mi ilé tìtì. Odò Wandle ni ọkàn tèmi wà, odò tó wà ní gúúsù London níbí, tí púpọ̀ nínú wa ń gba orí afárá rẹ̀ wá sí ilé ìjọsìn láìbojú wò ó.

Láti Croydon àti Carshalton ni odò yìí ti ń sun jáde, ó sì ń rìn tó nǹkan bíi kìlómítà 14 kí ó tó wọ odò Thames ní Wandsworth. Omi rẹ̀ mọ́ nígbà kan tó bẹ́ẹ̀ tí Nelson, ọ̀gágun ojú omi nnì, fi ń pẹja níbẹ̀ nígbà tó ń gbé ní Merton. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ aláró àti oníṣọnà-awọ pọ̀ létí rẹ̀, débi pé àwọ̀ tí wọ́n bá ń pa láró ni odò ń gbé wọ̀. Nígbà tó fi máa di ẹ̀wádún 1960, ìjọba ti kà á sí gọ́tà ìdọ̀tí gbangba. Ẹja trout, ọmọ onílẹ̀ nínú odò náà, ti kú tán.

Lóṣooṣù, ní ọjọ́ Ìsinmi kejì, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ti Wandle Trust, ẹgbẹ́ tó ń tún odò yìí ṣe, máa ń wọ bàtà rọ́bà tó gùn dé àyà, wọ́n á bọ́ sínú omi láti fa táyà, kẹ̀kẹ́ àti irin jáde. Èyí tí ojú ń rí nìyẹn. Iṣẹ́ tó le jù wà nísàlẹ̀ omi. Ní àsìkò òtútù, abo trout máa ń fi ìrù gbá òkúta wẹ́wẹ́ di kòtò, yóò yé sínú rẹ̀, yóò sì bò ó. Bí ẹrẹ̀ bá dí àárín òkúta wọ̀nyí, ẹyin kò ní rí atẹ́gùn, yóò kú síbẹ̀. Àwọn ìdènà tí ọlọ àtijọ́ fi sílẹ̀ ló ń mú kí omi lọ́ra tí ẹrẹ̀ fi ń rọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wó ìdènà, tí wọ́n sì ń da òkúta wẹ́wẹ́ tuntun sí odò. Àwọn ọmọ ilé ìwé pàápàá ń tọ́jú ẹyin ẹja nínú omi tútù ní kíláàsì wọn, wọ́n á sì tú àwọn ọmọ ẹja náà sílẹ̀ nígbà tí òtútù bá ń lọ.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, kẹ́míkà ìfọǹkan ṣèèṣì ṣàn wọ odò láti ibi ìfọ-omi-ìdọ̀tí ní Beddington, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹja. Bó bá jẹ́ èmi ni, bóyá ǹ bá ti ní kí oníkálukú máa lọ sílé. Wọ́n padà sínú omi.

Mo bá wọn lọ lóṣù tó kọjá. Èmi àti ìyá àgbà òyìnbó kan la jọ fa kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù ilé ìtajà kan jáde. Ẹja tí kò tó ìka mi há sáàárín ewéko tó hù bò ó. Ìyá náà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé e, ó dá a padà.

Alàgbà kan bi mí léèrè bóyá ọjọ́ Olúwa ló yẹ kí a fi kó ìdọ̀tí. Ìbéèrè tó yẹ ni. Nínú Lúùkù 14, màlúù tó já sí kànga kò dúró de ọjọ́ Ajé. Bẹ́ẹ̀ ni kí Ọlọ́run tó bá Ádámù sọ ọ̀rọ̀ èso igi rárá, ó ti fi í sínú ọgbà láti máa ro ó àti láti máa ṣọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé sì mọ̀ ọ́n: lókè odò la ti ń pọn omi mímu, nísàlẹ̀ la ti ń fọṣọ. Ẹ̀kọ́ yẹn kò yẹ kó parí sí pápákọ̀ òfurufú.

Àwọn alàgbà ti fohùn ṣọ̀kan pé, ní ọjọ́ Ìsinmi kejì oṣù tó ń bọ̀, ìsìn yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, yóò sì parí ní aago mẹ́wàá. Ẹgbẹ́ Ìyá Rere yóò gbé ìrẹsì lọ sí etí odò fún gbogbo ẹni tó bá ṣiṣẹ́, tiwa àti tiwọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú aṣọ iṣẹ́ dání.