Ẹ má ṣe béèrè ìbànújẹ́ nìkan

Sí Olóòtú,

Bí ojú ewé ìlera àwọn ìwé ìròyìn wa bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìsoríkọ́, ẹni tó ń sunkún nínú yàrá ni wọ́n sábà máa ń yà fún wa. Ẹni tí ìsoríkọ́ ń ṣe lọ́dọ̀ wa kì í fi bẹ́ẹ̀ wá sílé ìwòsàn wá sọ pé inú òun bàjẹ́. Orí òun ń gbóná, ni yóò wí. Nǹkan ń rìn lára òun bí èèrà, àyà òun ń já, oorun ò kun ojú òun. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò fún ibà àti táífọ́ọ̀dù, wọ́n á fún un lóògùn, yóò lọ, yóò tún padà. Títí yóò fi padà lẹ́ẹ̀kẹrin, kò sẹ́ni tó máa bi í bóyá ọjà tó ń tà ṣì ń wù ú.

Ìbéèrè ọ̀hún kò le. Ìwé ìbéèrè PHQ-9 tí wọ́n fi ń wá ìsoríkọ́, tí wọ́n ti dán wò láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nílẹ̀ wa tí èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2006, ní ìbéèrè 9 lórí ọ̀sẹ̀ 2 tó kọjá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba máàkì láti 0 (kò ṣẹlẹ̀ rárá) dé 3 (ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́); àpapọ̀ tó ga jù jẹ́ 27. Ẹni tó bá gba 10 sókè, kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì jókòó tì í dáadáa. Máàkì yẹn kò tíì sọ pé àìsàn ni. Ó kàn ń sọ pé ẹ má jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Níbi tí èrò bá ti pọ̀, ìbéèrè 2 àkọ́kọ́ tó fún ìbẹ̀rẹ̀: ǹjẹ́ ohun tó máa ń wù yín tẹ́lẹ̀ ò wù yín mọ́? Ǹjẹ́ ọkàn yín rẹ̀wẹ̀sì bíi pé kò sọ́nà mọ́? Bí àpapọ̀ máàkì méjèèjì bá pé 3 sókè, ẹ béèrè ìyókù.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí a ka àpapọ̀ láìwo ìbéèrè kẹsàn-án, èyí tó dá lórí ikú. Ẹni tó gba 6 péré, tó sì ní máàkì níbi ìbéèrè yẹn, kì í ṣe ẹni tí à ń sọ fún pé kó lọ sinmi. Ẹ bi í lójúkojú: “Ṣé ó ń ṣe yín bíi kí ẹ kúkú kú? Ṣé ẹ ti ro ọ̀nà tí ẹ máa gbà? Ṣé nǹkan ọ̀hún wà nítòsí yín?” Bíbéèrè kì í fi èrò yẹn sí ẹnikẹ́ni lórí. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n kó oògùn apakòkòrò àti oògùn tó pọ̀ kúrò nílé, kí wọ́n má fi òun nìkan sílẹ̀, kó sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. (Fún ìyá ọlọ́mọ tuntun, ìwé ìbéèrè Edinburgh, tó ní ìbéèrè 10, ló dára jù; PHQ-9 ń béèrè nípa oorun, ìyá wo ló sì ń sùn dáadáa lóṣù àkọ́kọ́?)

Ìdajì iṣẹ́ nìyẹn ṣá. PHQ-9 ò lè sọ bóyá ìsoríkọ́ nìkan ni tàbí báípólà, àìsàn tó ń gbé èèyàn lọ sókè, tí ara á yá a sódì, tó tún ń jù ú sílẹ̀ sínú ìsoríkọ́. Ìgbà tó bá wà nísàlẹ̀ ló máa ń wá ìtọ́jú. Ìgbà tó wà lókè, ta ló ń ṣàìsàn? Bí a bá wá kọ oògùn ìsoríkọ́ nìkan fún un, fluoxetine tàbí amitriptyline, ó lè tì í sókè débi tí kò ní sùn mọ́, tí yóò máa ná owó tí kò ní. Nítorí náà, kí bírò tó kan ìwé, ẹ béèrè ti òkè.

Bí ẹ ṣe máa béèrè ló ṣòro. Ẹ bi ọmọ Yorùbá pé “Ǹjẹ́ inú yín ti dùn jù rí?”, “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run” ni yóò fi dá yín lóhùn. Ẹ gba ọ̀nà oorun wọlé: “Ǹjẹ́ ìgbà kan wà tí ẹ ń sùn wákàtí 2 tàbí 3 péré lóru, fún ọjọ́ 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò sì rẹ̀ yín?” Ẹni tí ìsoríkọ́ gba oorun lójú rẹ̀, á rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ẹni tó wà lókè, ara rẹ̀ á yá gágá. Lẹ́yìn náà: ṣé wọ́n ní ẹ ń sọ̀rọ̀ jù? Ṣé ẹ dá òwò mẹ́ta sílẹ̀ pa pọ̀, ẹ ń yáwó, ẹ ń bínú sódì? Ọjọ́ 4 tó fún ìgbà òkè tó fúyẹ́. Ọjọ́ 7 ni ti èyí tó le, àfi bó bá ti di dandan kí wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn, a ò ní ka ọjọ́ mọ́. Ìwé ìbéèrè MDQ wà fún ti òkè yìí: ìbéèrè 13, kí “bẹ́ẹ̀ ni” pé 7, kí wọ́n ṣẹlẹ̀ lásìkò kan náà, kí wọ́n sì ti dá wàhálà sílẹ̀. Ó máa ń fo èyí tó fúyẹ́ dá, ẹ má fi òun nìkan dájọ́.

Bí aláìsàn bá gbà, ẹ bi ọkọ, ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn náà lè ti pè é ní ẹ̀mí: kò sùn fún ọjọ́ márùn-ún, àdúrà ló ń gbà. A ò bá àdúrà jà o. Ẹni tó ti ń ṣe àìsùn lóṣooṣù fún ọdún mẹ́wàá yàtọ̀ sí ẹni tí kò ṣe é rí, tó ṣàdédé ń wàásù fún àdúgbò láago mẹ́ta òru. Ìwà rẹ̀ àtẹ̀yìnwá ni òṣùwọ̀n.

Ìsoríkọ́ tó bẹ̀rẹ̀ kí èèyàn tó pé ọmọ ọdún 25, tó ń padà léraléra, tó tẹ̀ lé ìbímọ, tàbí tí báípólà wà nínú ẹbí, ẹ fura sí i. Ẹ yẹ táíróìdì (ẹṣẹ́ inú ọrùn) wò, kẹ́ ẹ sì béèrè nípa ọtí, kọ̀lọ̀rádò (igbó àtọwọ́dá tí wọ́n ń fà) àti prednisolone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì. Gbogbo wọn lè fara jọ ọ́.

Olóòtú, àyè kékeré la ń tọrọ lójú ewé ìlera yín: ìbéèrè 2 àkọ́kọ́ yẹn àti ti oorun, ní Yorùbá bí a ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu, kí ẹni tó ń ta oògùn àti ìyá ìjọ lè gé e lẹ̀ mọ́ ògiri.

Àwa òṣìṣẹ́ ìlera ọpọlọ kan,
Abẹ́òkúta.