Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti owó òwò

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè láti fèsì sí ìròyìn yín lórí ètò adójútòfò ìlera, níbi tí a ti ń dá owó sílẹ̀ ṣáájú kí àìsàn tó dé. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà gbogbo forúkọ sílẹ̀, nítorí àìsàn ló ń sọ púpọ̀ nínú wa di onígbèsè. Ìyá tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró kí ó lè rí owó àjọ dá. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ dé, àpò ẹ̀wà mẹ́fà tó kù ni wọ́n tà lọ́pọ̀ kí wọ́n tó rí owó ilé ìwòsàn san, ìsọ̀ náà ò sì ṣí mọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2022 ti sọ adójútòfò yìí di dandan, ṣùgbọ́n àwọn ìyálọ́jà ni ọ̀rọ̀ wọn ń wọ̀ wá létí, nítorí náà àwọn ló yẹ kó rọ̀ wá láti forúkọ sílẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣòwò ẹ̀wà, Bódìjà, Ìbàdàn