Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníbàárà Wa Lórí Owó Ìtọ́jú Èrìgì

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

A kí yín, a sì dúpẹ́ pé ẹ kò fi wá sílẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, ₦25,000 ni a ó máa gbà láti ha ìdọ̀tí líle kúrò lára eyín, dípò ₦15,000 tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀. A kò sì ní ta oògùn olómi tí wọ́n fi ń ṣan ẹnu fún ẹni tí a kò bá tíì yẹ èrìgì rẹ̀ wò. Àwọn kan ti sọ lójú wa pé ojúkòkòrò ló dé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí fúnra mi.

Òkè òkun ni irin ẹnu ẹ̀rọ tí a fi ń ha eyín ti ń wá, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ mọ ìrora ti ń wá. Irin náà máa ń jẹ, bó bá sì ti jẹ, àfi ká pààrọ̀ rẹ̀. Kó tó di Oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní ₦1,500. Ẹni tí à ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Èkó, tó máa ń fún wa láwìn nígbà kan, ti ní ká máa san gbogbo owó kí ọjà tó kúrò nílẹ̀, iye tó bá sì pè láàárọ̀ lè yí padà kó tó di ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni iye owó epo jẹnẹrétọ̀ kò dúró sójú kan, a kò sì lè ṣe aláìrà á, nítorí ẹ̀rọ tó ń fi ooru pa kòkòrò lára irinṣẹ́ wa gbọ́dọ̀ gbóná dé ìwọ̀n 121 ti Sẹ́ṣíọ̀sì (121°C) fún ìṣẹ́jú 15 láìdáwọ́ dúró, iná ìjọba ì báà wà, ì báà má sí. A kò jẹ́ fi irinṣẹ́ ẹnìkan kan ẹnu ẹlòmíràn láìṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ máa ń ní ká kúkú ta oògùn ìṣanu fún yín kí ẹ máa lọ. Èrè wà níbẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n àwọn bakitéríà tó ń ba èrìgì jẹ́, irú bíi Porphyromonas gingivalis àti Treponema denticola, kì í fẹ́ atẹ́gùn. Àlàfo tó wà láàárín eyín àti èrìgì ni wọ́n ń fara pamọ́ sí, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì, pákò àti oògùn ìṣanu kì í dé dáadáa. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ èròjà inú ẹ̀jẹ̀ àti itọ́, tí wọ́n sì ń tú gáàsì onímí-ọjọ́ jáde, èyí tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Àlàfo èrìgì tó dá ṣáṣá kì í sábà ju mílímítà 3 lọ. Ìdọ̀tí tó ti le gbagidi sí ìdí eyín kì í gbọ́ ti búrọ́ọ̀ṣì, àfi ká ha á. Chlorhexidine, oògùn ìṣanu tí ọ̀pọ̀ yín ń béèrè, lè bo òórùn fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń mú kí eyín pọ́n bí a bá lò ó pẹ́, nígbà tí egungun tó di eyín mú ń jẹ lọ lábẹ́lẹ̀.

Ẹni tó ti san owó sílẹ̀, iye àtijọ́ ni a ó fi tọ́jú rẹ̀. Owó àyẹ̀wò kò yí padà, ẹ sì lè pín owó ìtọ́jú san lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde nígbà tí ẹ bá ń runrin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí owó jókòó sílé. Ẹ wá, ká jọ sọ ọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùdásílẹ̀ ilé ìtọ́jú eyín yín, Ìbàdàn