Lẹ́tà sí Àjàní: Lórí Ìbọn Ìléwọ́ Olówó Pọ́ọ́kú Tí O Fẹ́ Rà

Mọ́níyà, Ìbàdàn.

Àjàní, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí gbogbo ilé. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú òtútù Ohio. Àwọn àwòrán àti fídíò ìbọn Hi-Point C9 tí o fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ mi, mo sì wò wọ́n títí bátìrì fóònù mi fi kú. O ní kí n sọ òótọ́ fún ọ, bóyá ìbọn àlòkù tí owó rẹ̀ kò tó 200 dọ́là lè jẹ́ ìbọn gidi tí ènìyàn lè fi sí ṣọ́ọ̀bù. N kò gbé irú rẹ̀ lọ́wọ́ rí, nítorí pé níbí, òfin ìbọn ti ọdún 1959 ka gbogbo ìbọn ìléwọ́ mọ́ èyí tí ará ìlú kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ Ààrẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọdún 19 tún ìbọn ológun ṣe yóò ṣáà mọ ibi tó yẹ kí ojú òun kọ́kọ́ bà.

O ráhùn pé orí ìbọn náà wúwo, àti pé ó rí bí ẹni pé wọ́n gé búlọ́ọ̀kù lé e lórí. Kì í ṣe pé ẹni tó ṣe é kò mọ iṣẹ́. Nínú Browning, ìbọn ìléwọ́ tí a lò lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Belgium ní ọdún 1935, tí DICON, ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba wa ní Kaduna, náà sì wá ṣe irú rẹ̀, ọ̀pá ìbọn àti sláìdì (irin òkè tó máa ń fò sẹ́yìn nígbà tí ìbọn bá yìn) máa ń di ara wọn mú nígbà tí ọta bá bú. Wọ́n á jọ rìn sẹ́yìn díẹ̀, ìdí ọ̀pá á wá rẹlẹ̀, ìgbà náà ni sláìdì tó lè dá lọ. Eyín tí wọ́n fi ń di ara wọn mú yẹn, gígé ni wọ́n ń gé e sára irin, owó kékeré kọ́ ni iṣẹ́ náà sì ń gbà. C9 kò ní eyín kankan. Ọ̀pá rẹ̀, tí ó jẹ́ irin, dúró gbọn-in sójú kan, ìwúwo sláìdì àti sípíríǹgì nìkan ló sì ń dá nǹkan dúró títí agbára ọta yóò fi rọlẹ̀. Ó dà bí ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́, tí wọ́n gbé odó tì lẹ́yìn. Bí odó náà bá fúyẹ́, ilẹ̀kùn á ṣí lójijì.

Síńkì ló pọ̀ jù nínú sláìdì náà, wọ́n yọ́ ọ, wọ́n sì dà á sínú mọ́ọ̀dù ni. Mo mọ̀ pé bí o bá ti gbọ́ síńkì, páànù Bẹẹrẹ tó ti pọ́n, tí à ń wò láti Òkè Màpó, ni yóò sọ sí ọ lọ́kàn. Síńkì kọ́ ló pọ́n níbẹ̀ o. Irin abẹ́ rẹ̀ ni, lẹ́yìn tí síńkì tí wọ́n fi bò ó ti jẹ tán. Ṣùgbọ́n síńkì kò le tó irin, ìdí kejì nìyẹn tí wọ́n fi ṣe sláìdì náà nípọn tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìbọn náà, láìsí ọta nínú rẹ̀, wọn bíi gíráàmù 820. Browning fi díẹ̀ wúwo jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọta 13 ló ń gbé, nígbà tí C9 sábà máa ń gbé 8. Ibi tí owó tí o kò san ti ń fara hàn nìyẹn.

Ohun kan wà tí àwọn méjèèjì jọ ní: bí o bá ti yọ magasíìnì (àpò ọta tí à ń kì sínú ọwọ́ ìbọn), ìbọn kò ní yìn, kódà bí ọta bá wà lẹ́nu rẹ̀. Nínú Browning, ohun yìí máa ń jẹ́ kí tírígà họ bí ẹni tó ń fa igi lórí yanrìn, àwọn ọ̀gá kan sì máa ń bẹ̀ mí pé kí n yọ ọ́ kúrò. N kì í dá wọn lóhùn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ tìrẹ náà. Síbẹ̀, ìyẹn kò ní kí o má ti ìbọn mọ́ inú àpótí onírin, nítorí àwọn ọmọ.

Bí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni o ráyè yẹ̀ wò kí o tó sanwó, magasíìnì ni kí o yẹ̀ wò. Ní ọdún kan, wọ́n gbé Browning kan wá sórí bẹ́ǹṣì mi tí ọta ń há sí lẹ́nu ṣáá. Mo tú u palẹ̀, mo fi kẹrosíìnì wẹ̀ ẹ́, mo pààrọ̀ sípíríǹgì, kò gbọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, mo gbé magasíìnì rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, mo sì rí i pé ètè òsì ẹnu rẹ̀, níbi tí ọta ń gbà jáde, ti là síta, àlàfo tí kò tó ìdajì hóró ìrẹsì. Mo fi píláyà tẹ̀ ẹ́ padà díẹ̀díẹ̀, mo ki ọta 13 sí i, ó sì yìn tán láìdúró. Ìlà kan ni ọta tò sí nínú magasíìnì C9, ètè rẹ̀ méjèèjì ló sì ń pinnu bí imú ọta yóò ṣe gbé sókè wọ ọ̀pá. Ra méjì, kí o fi ọ̀dà kọ 1 àti 2 sí wọn nídìí, kí o lè mọ èyí tó jẹ̀bi.

Nínú C9, abẹ́rẹ́ tó ń gún ẹ̀yìn ọta náà ló tún ń ti èèpo ọta jáde. Ọgbọ́n yẹn dùn mọ́ mi nínú, irin kan, iṣẹ́ méjì. Ṣùgbọ́n má ṣe máa fa tírígà rẹ̀ lófìfo bí eré, kí o má baà lo abẹ́rẹ́ náà gbó. Ohun tí n kò fẹ́ràn rárá ni pé o ní láti fi òòlù gbá pínnì kan jáde kí o tó lè tú u láti nù ún. Browning kò nílò òòlù.

Ìyókù kò burú. Ojú ìwòran ẹ̀yìn ṣeé yí, sẹ́fítì wà lápá òsì níbi tí àtàǹpàkò rẹ yóò ti kàn án, sláìdì sì máa ń dúró ní ṣíṣí nígbà tí ọta bá tán. Ní ti pé ó jẹ́ àlòkù, má fòyà: ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, tó wà ní Ohio yín níbẹ̀, máa ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni yòówù tí ì báà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ fún abẹ́ káńtà, rà á. Bí ó bá jẹ́ láti máa so mọ́ ìdí kiri, rárá o, ó ti sanra jù, fi owó kún owó kí o ra òmíràn. Kí o tó fọkàn tán an, yin ọta 200. Fi ọta olórí roboto ṣe 150, kí o sì fi èyí tí wọ́n gbẹ́ ihò sí lórí, tí o fẹ́ fi sínú rẹ̀ gan-an, ṣe 50 tó kù, nítorí pé ẹnu ihò yẹn ló máa ń kọ́ nǹkan jù. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ọta bá há, kọ nọ́ńbà magasíìnì àti irú ọta náà sílẹ̀, kí o ya àwòrán bí ó ṣe há gan-an kí o tó fọwọ́ kàn án, kí o sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àlàó